Kókó Abẹ́ Awọ Tí A Kì í Sáré Gé

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sẹ́yìn, mo kí gbogbo yín, ẹ kú ìjókòó. Ìtọ́jú àrùn awọ ara ni iṣẹ́ mi, àrùn kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ mi sì dá lé lórí lónìí. Kókó tó máa ń yọ nínú ọ̀rá abẹ́ awọ ni, nítorí pé pùrótéènì kan tó ń jẹ́ alpha-1 antitrypsin kò tó nínú ẹ̀jẹ̀. Àrùn náà ṣọ̀wọ́n gan-an. Ọ̀pọ̀ dókítà ló lè ṣiṣẹ́ títí wọn yóò fi fẹ̀yìn tì láì rí ẹyọ kan ṣoṣo. Kí ló wá dé tí mo fi yàn án? Ìdí kìíní ni pé, lára ẹni tó bá ní in, awọ lè jẹ́ ibi tí àìtó kan tó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí ti kọ́kọ́ yọjú, àìtó náà sì kan ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó kan ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ó kan àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ìdí kejì ló ń dùn mí jù: ohun tí ọwọ́ wa máa ń yá láti ṣe sí kókó náà, ìyẹn ni ká gé e kí ọyún lè jáde, òun gan-an ló ń sọ ọgbẹ́ kékeré di ńlá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì funfun ló ń ṣọ́ ara lọ́wọ́ kòkòrò àrùn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni à ń pè ní neutrophil. Bí kòkòrò bá wọlé, tàbí tí ibì kan bá fara gbọgbẹ́, àwọn neutrophil ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dé ibẹ̀, wọn kì í sì í lọ lọ́wọ́ òfo. Éńsáìmù ni wọ́n gbé dání. Ọ̀kan tó lágbára nínú àwọn éńsáìmù náà ń jẹ́ elastase. Pùrótéènì ni elastase máa ń gé: ti kòkòrò ni o, ti ẹran ara tó ti bàjẹ́ ni o. Ṣùgbọ́n kò mọ ti ọ̀tá yàtọ̀ sí ti onílé. Bó ṣe ń gé ti kòkòrò, bẹ́ẹ̀ náà ló lè gé elastin tó ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró fẹ̀ kó sì súnkì, àti okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó so awọ àti ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ pọ̀.

Nítorí èyí, ara ní ohun tó fi ń dá elastase lọ́wọ́ kọ́. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tó ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni alpha-1 antitrypsin. AAT ni n ó máa pè é láti ìsinsìnyí lọ.

Ọ̀nà tí AAT ń gbà ṣiṣẹ́ ṣì máa ń yà mí lẹ́nu. Ẹ̀bìtì gan-an ni. Ó na apá kan síta bí ohun jíjẹ, elastase yóò sì wá gé e. Bó bá ti gé e ni ẹ̀bìtì ré: apá náà yóò fò, yóò gbé elastase láti orí pùrótéènì náà lọ sí ìdí rẹ̀ ní odì kejì, yóò sì fún un mọ́ ibẹ̀ títí tí ìrísí rẹ̀ yóò fi dàrú. Elastase yẹn kò ní gé ohunkóhun mọ́. AAT tó mú un náà ti tán nìyẹn, nítorí ẹyọ kan fún ẹyọ kan ni. Ìdí nìyí tí ẹ̀dọ̀ kò fi gbọdọ̀ dákẹ́ ṣíṣe òmíràn.

Ní ọdún 1963 ni a kọ́kọ́ mọ̀ pé àwọn kan wà láyé tí AAT wọn kò tó. Ní Malmö, ní orílẹ̀-èdè Sweden, Carl-Bertil Laurell ń yẹ àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wò. Irú àyẹ̀wò náà ń fi iná mànàmáná ya àwọn pùrótéènì ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn yóò sì tò ní ìlà-ìlà. Nínú nǹkan bí 1,500 tó yẹ̀ wò, ó rí márùn-ún tí ìlà kan báyìí kò sí níbi tó yẹ kó wà. Òun àti Sten Eriksson, dókítà tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, wá àwọn aláìsàn náà kàn, wọ́n sì rí i pé mẹ́ta nínú wọn ti ní emphysema, àrùn tó ń ba àpò afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ní ọjọ́ orí tí kò yẹ kó mú èèyàn. Ohun tó wú mi lórí nínú ìtàn yìí ni pé kò sẹ́ni tó rán Laurell níṣẹ́ pé kó lọ wá ohun tí kò sí. Ojú rẹ̀ ló ṣàkíyèsí ibi tó ṣófo. Ṣáájú ìparí ọdún mẹ́wàá yẹn, wọ́n ti rí i lára àwọn ọmọdé tí ẹ̀dọ̀ wọn ti le gbandi. Ní ọdún 1972, àwọn dókítà kan ní ilẹ̀ Faransé kọ̀wé nípa ti awọ ara.

Kí ọdún 1972 tó dé, kì í ṣe pé kókó náà kò sí o. Orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é. Láti ọdún 1892 tí Victor Pfeifer ti kọ̀wé nípa kókó inú ọ̀rá abẹ́ awọ, tí Frederick Parkes Weber tún kọ tirẹ̀ ní 1925, tí Henry Christian sì tẹ̀ lé e ní 1928, àrùn Weber-Christian ni wọ́n ń pe gbogbo ìwúlé ọ̀rá tó bá bá ibà rìn tí wọn kò sì mọ orísun rẹ̀. Inú apẹ̀rẹ̀ ńlá yẹn ni wọ́n da oríṣiríṣi àrùn sí. Nígbà tí àyẹ̀wò AAT dé, tí wọ́n tún àwọn kan lára àwọn aláìsàn wọ̀nyẹn wò, wọ́n rí i pé àìtó AAT ló wà nídìí tiwọn. Bí dókítà kan bá kọ Weber-Christian sínú fáìlì yín lónìí, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í bóyá wọ́n ti wo AAT yín rí.

Báwo ni àìtó náà ṣe ń wọ ara? Jíìnì tó ń darí ṣíṣe AAT ń jẹ́ SERPINA1, orí krómósómù 14 ló wà. Méjì-méjì ni gbogbo wa ní in, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń pe oríṣi rẹ̀. M ni èyí tó pé. S dín díẹ̀. Z ni èyí tó ń fa wàhálà jù. Pùrótéènì AAT ní ègé 394 tó so kọ́ra wọn. Nínú Z, ègé kan péré, èyí tó wà ní ipò 342, ló yàtọ̀ sí ti M. Ìyàtọ̀ kan yẹn ti tó. AAT irú Z kì í ká bó ṣe yẹ, yóò máa so mọ́ ara wọn nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, èyí tó pọ̀ jù kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ẹni tó gba Z lọ́dọ̀ ìyá tó tún gba Z lọ́dọ̀ bàbá, ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún iye AAT tó yẹ ló máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìyà méjì ló ń jẹ onítọ̀hún: ẹ̀dọ̀ ń jìyà ohun tó há sínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró àti awọ ń jìyà ohun tí kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Oríṣi kan tún wà tí wọ́n ń pè ní null, tí kò ń ṣe AAT rárá. Ẹ̀dọ̀ àwọn yẹn kì í há, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró wọn ló máa ń tètè bàjẹ́ jù.

Z wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tí ìran wọn ti àríwá Yúróòpù wá. Ní Sweden, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun 200,000 wò láàárín ọdún 1972 sí 1974, iye àwọn tó ní Z méjì sì jẹ́ nǹkan bí ọ̀kan nínú 1,600. Ṣùgbọ́n jíìnì kì í mọ ààlà ilẹ̀. Oríṣi tí kì í ṣe Z tí kì í sì í ṣe S pọ̀ káàkiri ayé, àyẹ̀wò tó bá jẹ́ pé Z àti S nìkan ló ń wá yóò sì fo àwọn yẹn dá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi àwọ̀ ara aláìsàn lé àyẹ̀wò sẹ́yìn.

Ó wá kan awọ ara gan-an.

Abẹ́ awọ wa ni ọ̀rá wà, ní ìṣù-ìṣù, tí okùn ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ sì pààlà láàárín wọn. Bí ọ̀rá yìí bá wú tó sì gbóná, panniculitis ni a ń pè é. Ohun tó lè fà á pọ̀. Èyí tí àìtó AAT ń fà ṣọ̀wọ́n kódà láàárín àwọn tí AAT wọn kò tó: ìṣirò tí à ń lò ni nǹkan bí ẹnì kan nínú 1,000 àwọn tó ní Z méjì. Ó máa ń mú ọkùnrin, ó máa ń mú obìnrin. Àgbàlagbà tó wà láàárín ọgbọ̀n ọdún sí ọgọ́ta ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó ti mú ọmọdé rí. A tún ti rí i lára àwọn tó ní Z kan àti M kan, tàbí S pẹ̀lú Z, nítorí náà ẹni tí iye AAT rẹ̀ kàn dín díẹ̀ kò kúrò nínú rẹ̀ pátápátá.

Itan, ìdí, ìbàdí ni ibi tó fẹ́ràn jù. Ó tún lè yọ sí apá, sí ẹ̀yìn, sí àyà, sí ikùn. Kókó líle ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ojú ibi tó fẹ̀ le kó sì gbóná. Yóò máa ro èèyàn gan-an. Ibà lè bá a rìn. Lára awọ tó mọ́lẹ̀, yóò pọ́n. Lára awọ dúdú, pípọ́n yẹn lè máà hàn rárá. Ohun tí ẹ óò rí lè jẹ́ àwọ̀ tó ṣú ju ti ìyókù ara lọ, tó fẹ́ jọ ti aró tàbí ti àlùkò. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀pọ̀ àwòrán tí wọ́n fi ń kọ́ àwa dókítà jẹ́ ti awọ funfun. Ẹni tó bá ń wá pupa lára awọ dúdú yóò pẹ́ kó tó rí ohun tó ń wá. Ọwọ́ ni kí ẹ fi wò ó: ṣé ó gbóná ju ibi tó yí i ká lọ? Ṣé ó le? Kí ẹ sì gba aláìsàn gbọ́ nígbà tó bá ní ó ń ro òun.

Lẹ́yìn ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kókó náà lè bẹ́. Ohun tó ń jáde kì í ṣe ọyún gidi. Òróró ni, omi tó ní ọ̀rá nínú, tó pọ́n bí oyin tàbí tó fẹ́ jọ ti ilẹ̀ pupa. Ọ̀rá abẹ́ awọ tí éńsáìmù ti yọ́ ló ń ṣàn jáde. Bí wọ́n bá mú u lọ sí ilé àyẹ̀wò, kòkòrò kì í sábà wà nínú rẹ̀, àfi tí kòkòrò bá gba ojú egbò wọlé lẹ́yìn náà. Egbò lè jinlẹ̀. Bó bá jinná, ibẹ̀ máa ń jìn wọnú, nítorí ọ̀rá tó gbé awọ dúró kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nínú aláìsàn mẹ́ta, nǹkan bí ẹnì kan ló máa ń rántí pé òun fara gbá nǹkan níbẹ̀ kí kókó tó yọ: ó ṣubú, ó fi itan gbá igun tábìlì, ó gba abẹ́rẹ́, ó ṣe iṣẹ́ abẹ, tàbí kó kàn ṣe iṣẹ́ agbára tí kò mọ́ ọn lára. Ibi tí ọ̀rọ̀ abẹ ti wọlé nìyí, mo sì bẹ̀ yín, ẹ fetí sí i. Ibi tí ara bá ti gbọgbẹ́, neutrophil yóò sáré débẹ̀. Lára ẹni tí AAT rẹ̀ pé, wọn yóò ṣe iṣẹ́ wọn tán, AAT yóò ká elastase kò, ojú ọgbẹ́ yóò pa dé. Lára ẹni tí AAT rẹ̀ kò tó, kò sí ohun tí yóò ká a kò. Elastase yóò máa gé lọ. Àjókù ohun tó gé yóò tún pe neutrophil sí i. Abẹ tí dókítà fi la kókó náà, ọgbẹ́ tuntun ni lójú ara. Ó tún ránṣẹ́ pe àwọn tó ń ba ilé jẹ́ ni.

Bó ṣe máa ń lọ rèé. Èèyàn á wá pẹ̀lú ohun tó jọ eéwo. Wọn á fún un ní òògùn apakòkòrò. Kò ní lọ. Wọn á la á. Yóò fẹ̀ sí i. Wọn á ní ẹran tó ti kú ló wà níbẹ̀, wọn á mú un wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láti ha á kúrò. Etí ibi tí wọ́n ha yóò tún kú. Wọn á tún ha á. Gbogbo ẹni tó fọwọ́ kàn án ló ní èrò rere lọ́kàn, ohun tí wọ́n sì kọ́ wọn nípa eéwo ni wọ́n ń ṣe. Nígbà mìíràn, aláìsàn á tún gbọ́ ọ̀rọ̀ tó burú ju abẹ lọ: pé kò mọ́ tónítóní, tàbí pé òun fúnra rẹ̀ ló ń fi nǹkan gún ara rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Mo ti rí ojú ẹni tí wọ́n sọ irú rẹ̀ sí. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún gbé ẹ̀sùn sórí ìrora.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ pé a kò gbọdọ̀ gé ohunkóhun. Àyẹ̀wò ẹran ara ṣe pàtàkì, abẹ la sì fi ń mú un. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, kó kéré ní fífẹ̀, kó sì jinlẹ̀ dé inú ọ̀rá, láti ara kókó tí kò tíì pẹ́ tí kò sì tíì bẹ́. Ẹran tí wọ́n kàn bó lójú awọ lásán kò ní sọ nǹkan kan, a óò sì ti dá ọgbẹ́ sílẹ̀ lásán. Ohun tí a ń rí lábẹ́ máíkíròsíkóòpù máa ń tọ́ka ọ̀nà: neutrophil tó tò láàárín okùn collagen (pùrótéènì tó ń mú awọ dúró), okùn àárín ìṣù ọ̀rá tó ń yọ́, ìṣù ọ̀rá tó ti kú tí èyí tí kò ní ìpalára kankan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Wíwà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bẹ́ẹ̀, tí ibi tó dára àti ibi tó bàjẹ́ fara kan ara wọn, jẹ́ ohun tó máa ń jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fura.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Wọn yóò wọn iye AAT. Ibì kan wà tí èèyàn ti lè ṣìnà: AAT wà lára àwọn pùrótéènì tó máa ń gòkè nígbà tí ara bá ń gbóná. Ẹni tí AAT rẹ̀ dín díẹ̀ lè ní iye tó dà bíi pé ó pé ní ọjọ́ tí kókó ń ro ó kíkan. Ó dára kí wọ́n wọn CRP, pùrótéènì mìíràn tó máa ń gòkè bẹ́ẹ̀, pọ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n lè mọ bí ìgbóná ara ti pọ̀ tó lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wo oríṣi tó ní, nínú pùrótéènì tàbí nínú jíìnì. Bí iye bá kéré tí àyẹ̀wò Z àti S kò sì rí nǹkan, kí wọ́n ka jíìnì náà tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwọn àrùn mìíràn tó jọ ọ́ wà. Erythema nodosum ló wọ́pọ̀ jù: ojúgun ló fẹ́ràn, kì í sì í sábà bẹ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń fa irú kan sí ẹ̀yìn ojúgun. Àrùn pancreas, ẹ̀yà inú ikùn tó ń ṣe éńsáìmù tó ń da oúnjẹ, náà lè yọ́ ọ̀rá abẹ́ awọ kí òróró sì jáde, nítorí náà àyẹ̀wò lipase àti amylase, tí í ṣe éńsáìmù rẹ̀, kò yẹ kó gbẹ́yìn.

Ìtọ́jú wá ńkọ́? Sìgá ni mo máa ń kọ́kọ́ bá aláìsàn sọ, kì í ṣe nítorí ìwà rere. Ibì kan ṣoṣo lára AAT, ègé methionine tó wà ní ipò 358, ni elastase ń bọ́ sí. Èéfín sìgá ń ba ègé yẹn jẹ́, ẹ̀bìtì kò sì ní ré dáadáa mọ́. Ẹni tó ní AAT díẹ̀ tó tún ń mu sìgá ń ba díẹ̀ tó kù jẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń bàjẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ti ẹni tí kò mu ún. Kí wọ́n dín ọtí kù náà nítorí ẹ̀dọ̀.

Nínú oògùn oníhóró, dapsone ni a máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ó ń dá neutrophil dúró kó má rọ́ wọ inú ẹran ara. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ti pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gbé e mì, àfi kí wọ́n wo G6PD rẹ̀, éńsáìmù kan tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa. Ẹni tí G6PD rẹ̀ kò tó, dapsone lè fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ káàkiri, àìtó G6PD sì wọ́pọ̀ gan-an ní àwọn ilẹ̀ tí ibà ẹ̀fọn ti ń jà láti ìran dé ìran. Doxycycline náà máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Oògùn apakòkòrò ni, mo mọ̀, ẹ sì lè bi mí pé ṣebí mo ní kì í ṣe kòkòrò ló fà á. Iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe níbí: ó ń dín agbára àwọn éńsáìmù tó ń gé collagen kù. Prednisolone àti àwọn ẹbí rẹ̀, tí à ń fún èèyàn fún ọ̀pọ̀ ìwúlé, kì í sábà ṣe púpọ̀ fún èyí.

Oògùn tó lọ bá ìdí ọ̀rọ̀ ni AAT fúnra rẹ̀. Inú plasma, omi ẹ̀jẹ̀ tí àwọn olùtọrẹ fi sílẹ̀, ni wọ́n ti ń yọ ọ́, wọn yóò sì fi abẹ́rẹ́ tú u sínú iṣan. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àrùn ẹ̀dọ̀fóró ní ọdún 1987. Ìdajì AAT máa ń tán nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mìlígíráàmù 60 fún kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan. Fún ti awọ, àwọn dókítà kan ti lo ìlọ́po méjì rẹ̀. Ó lè yá débi pé láàárín ọjọ́ díẹ̀, ibà á lọ, ìrora á rọlẹ̀, kókó tuntun kò ní yọ mọ́, ojú egbò tó ti ṣí sílẹ̀ fún oṣù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé. Òtítọ́ kan wà tí n kò gbọdọ̀ fi pamọ́: kò sí ìwádìí ńlá tó fi ẹgbẹ̀rún aláìsàn awọ dán an wò, nítorí àwọn aláìsàn náà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ohun tí a mọ̀ wá láti inú àkọsílẹ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Oògùn náà wọ́n gan-an, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kò sì ti sí. Ó ń dùn mí láti sọ ọ́, nítorí mo mọ̀ pé ẹni tó nílò rẹ̀ jù lè wà níbi tí kò ti lè rí i. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́ débi pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ̀dọ̀ tuntun yóò máa ṣe AAT irú ti ẹni tó fi í sílẹ̀, AAT á gòkè, ti awọ náà á sì dáwọ́ dúró.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà tí a bá ti mọ̀ pé àìtó AAT ló fa kókó, iṣẹ́ wa kò tíì parí lára awọ yẹn. Kí wọ́n wọn bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń mí, kódà bí aláìsàn bá ní òun kò ní ìṣòro mímí. Kí wọ́n wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n pe àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ M kan Z kan àwọn méjèèjì, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí ní ìpín ọ̀kan nínú mẹ́rin láti gba Z méjì, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Ọmọ ìyá kan tó ń mu sìgá, tí kò ní kókó kankan, tó rò pé ara òun le, ni àyẹ̀wò yìí lè ṣe lóore jù. Láti ọdún 1997 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dámọ̀ràn pé kí wọ́n wo AAT gbogbo ẹni tó bá ní COPD, àrùn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó ń dí ọ̀nà èémí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni wọn kì í wò.

Àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí, nítorí àwọn tí kò sí níbẹ̀ lè ní irú wọn lọ́kàn.

Ìyá kan bèèrè bóyá ó ń ràn. Rárá o. Bí ẹ bá gbá a mọ́ra, bí ẹ bá bá a pín aṣọ, bí òróró ojú egbò bá kàn yín lọ́wọ́, kò ní mú yín. Ẹni tó jogún jíìnì yẹn lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ nìkan ló ní àìtó náà.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní wọ́n ti gé ti ẹ̀gbọ́n òun lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ṣé ó ti bọ́? Kò tíì bọ́. Kí wọ́n dáwọ́ gígé dúró. Kí wọ́n fi báńdéèjì tí kì í lẹ̀ mọ́ egbò bò ó, kí wọ́n máa fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni, kó máa gbé e sókè tó bá jókòó. Kó lọ ṣe àyẹ̀wò AAT àti G6PD lọ́jọ́ kan náà, kí àkókò má lọ lásán. Egbò tó ti pẹ́ máa ń jinná nígbà tí oògùn tó yẹ bá wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpá rẹ̀ yóò jìn.

Ẹni tó bèèrè kẹ́yìn jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní bí aláìsàn bá ní àìtó AAT, tó wá nílò iṣẹ́ abẹ nítorí ohun mìíràn, bóyá appendix tàbí ìbímọ, ṣé kí wọ́n má ṣe é ni? Iṣẹ́ abẹ tó bá gba ẹ̀mí là, kí wọ́n ṣe é. Kí wọ́n kàn mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹni tó ń tọ́jú awọ rẹ̀ wà nínú ètò náà, kí wọ́n sì máa wo ibi tí wọ́n ti gé lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí wọ́n kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ fáìlì rẹ̀, ní lẹ́tà gàdàgbà: AAT kò tó, bí kókó bá yọ, ẹ má gé e, ẹ pe dókítà awọ.